Ẹni Tó Béèrè Ọ̀nà Kì Í Ṣìnà

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ti ṣòwò láti àárọ̀ kí ó tó gbé ìwé dání ní alẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe wí pé, “Kí ló kan ọlọ́jà nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà?” Ó kàn yín. Ọ̀rọ̀ nípa bí a ti ń béèrè àti bí a ti ń dáhùn ni, èyí tí ẹ ń ṣe lójoojúmọ́.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mo ń ṣe ní Akpakpa, ní ìlú Kútọnù. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan. Mo ń tẹ lẹ́tà, mo ń ṣe fótókọ́pì, mo sì ń tẹ ìwé ìpè fún ìgbéyàwó àti ìsìnkú. Kọ̀ǹpútà méjì ni mo ní. Àlòkù ni méjèèjì, irú èyí tí ọkọ̀ òkun ń kó wá sí èbúté wa láti Yúróòpù.

Kí ni Linux?

Kọ̀ǹpútà kò ní ọgbọ́n ti ara rẹ̀. Irin àti wáyà lásán ni. Ohun tí ó ń fún un ní ọgbọ́n ni ètò tí a fi sínú rẹ̀. Ètò kan wà tí ó jẹ́ olórí àwọn yòókù. Òun ni ó ń jí ẹ̀rọ náà nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì. Òun ni ó ń rán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé níṣẹ́. Òun ni ó ń tọ́jú ìwé wa sí ibi tí a ó ti rí i lọ́la.

Olórí ètò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ni Windows. Ilé-iṣẹ́ Microsoft ní Amẹ́ríkà ni ó ni ín, ó sì ń tà á. Linux náà jẹ́ olórí ètò. Ṣùgbọ́n a kì í ta Linux bí ẹni ta ẹ̀pà. Ẹnikẹ́ni lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì fún ẹlòmíràn.

Báwo ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀? Ní nǹkan bí ọdún 1980, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Richard Stallman ń ṣiṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn máa ń há bébà sẹ́nu. Stallman fẹ́ wo ètò inú ẹ̀rọ náà kí ó lè tún un ṣe. Ẹni tí ètò náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò fún un, nítorí ó ti ṣèlérí pé òun kò ní fi han ẹnikẹ́ni. Ó dun Stallman gan-an. Ní 1983, ó kéde pé òun yóò ṣe ètò tí gbogbo ènìyàn lè pín láàrin ara wọn. Ó pè é ní GNU.

Ní 1991, ọmọ ọdún 21 kan ní orílẹ̀-èdè Fínlándì, Linus Torvalds, bẹ̀rẹ̀ sí ṣe olórí ètò kékeré fún kọ̀ǹpútà ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún náà, ó kọ̀wé sí àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ kí ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n dá a lóhùn. Àwọn kan fi àtúnṣe ránṣẹ́. Wọ́n da ohun tí ó ṣe pọ̀ mọ́ GNU, ó sì di ohun ńlá. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ènìyàn mi: ìbéèrè ni ọmọkùnrin náà fi nawọ́ sí ayé.

Lónìí, Linux wà nínú fóònù Android tí ó wà lápò ọ̀pọ̀ nínú yín. Láti 2017, gbogbo kọ̀ǹpútà 500 tí ó lágbára jù lọ láyé ni Linux ń darí.

Ọmọ Áfíríkà náà ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ní 2004, Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, gbé irú Linux kan jáde tí ó rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ó sọ ọ́ ní Ubuntu. Ọ̀rọ̀ àwọn Zulu àti Xhosa ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ súnmọ́ ohun tí àwa Yorùbá ń wí pé, “Ènìyàn laṣọ mi.” Títí di 2011, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé béèrè, wọ́n a fi àwo Ubuntu ránṣẹ́ sí i lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó àjọ

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bí Linux ṣe wọ ilé mi. Èmi ni mo ń kọ ìṣirò àjọ fún àwọn obìnrin 38 tí ń ṣòwò ní ọjà Dantokpa. Wọ́n ń dá owó ní ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀. Ní oṣù Disẹ́ńbà ni a ń pín in. Inú ìwé àjákọ ni ìṣirò náà wà tẹ́lẹ̀. Ní ọdún kan, omi òjò wọ ilé akápò wa, ìwé náà sì rẹ. Àwa méjì jókòó, a ka ohun tí ó ṣeé kà, a sì tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi.

Nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí a pín owó, iná lọ, ó dé, ó tún lọ. Láti ìgbà náà, kọ̀ǹpútà yẹn kọ̀, kò jí mọ́. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe kan. Ó wò ó, ó ní kí n mú 25,000 séfà wá. Ó ní òun yóò nu gbogbo inú rẹ̀ nù, òun yóò sì fi Windows mìíràn sí i. Mo bi í pé, “Ìwé inú rẹ̀ ńkọ́?” Ó ní, “Ẹ gbàgbé ìyẹn.”

Ẹ̀yin náà mọ ohun tí owó àjọ jẹ́. Òmíràn ti fi tirẹ̀ sọ owó ilé-ìwé ọmọ. Òmíràn ti fi bá oníṣòwò ọlọ́pọ̀ ṣe àdéhùn ọjà. Bí ìṣirò bá sọnù, tá ni yóò gba ẹni kejì gbọ́? Owó ni yóò tú ẹgbẹ́ tí ó ti pé ọdún mẹ́sàn-án ká. Oorun kò kùn mí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọmọ aládùúgbò mi kan, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì, gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. Ó wá pẹ̀lú fláàṣì, ìyẹn nǹkan pẹlẹbẹ tí a ń ki bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà. Linux ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ní, “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Olórí ètò inú ẹ̀rọ ni ó ṣàìsàn. Ìwé yín lè wà láàyè síbẹ̀.” Ó mú kí ẹ̀rọ náà jí láti inú fláàṣì, kò fọwọ́ kan ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ó gba ojú fèrèsé wọlé nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn kán. Kò pẹ́, mo rí ìwé ìṣirò náà, orúkọ 38, iye owó 38. A dà á kọ sórí fláàṣì mìíràn. Lẹ́yìn náà ni ó tó fi Linux sínú ẹ̀rọ náà pátápátá.

Mo na owó sí i. Kò gbà. Ó ní, “Màmá, ẹ má bínú. Èmi náà béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Ẹ wá bá wa ní Sátidé. Ohun tí ẹ bá kọ́, ẹ kọ́ ẹlòmíràn.” Ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a pín owó àjọ. Kò sí ẹni tí ó bá ẹnikẹ́ni jà.

Ìpàdé ọjọ́ Sátidé

Yàrá kíláàsì kan ni a ti ń pàdé. A máa ń tó ènìyàn 10 tàbí 15. Akẹ́kọ̀ọ́ wà níbẹ̀, olùkọ́ wà níbẹ̀, aránṣọ náà wà níbẹ̀. Ẹni tí ó ní ìbéèrè a fi ẹfun kọ ọ́ sára pátákó. Èdè Faransé, Fọn àti Yorùbá ni a ń sọ. Bí ẹnì kan kò bá gbọ́, ẹlòmíràn a túmọ̀ fún un.

Ìbéèrè wa kì í ṣe ohun ńlá. “Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi kò dáhùn.” “Kọ̀ǹpútà mi kò rí Wi-Fi.” “Ohùn kò jáde.” Ìbéèrè tèmi ni èyí: báwo ni mo ṣe lè tẹ ẹ, ọ àti ṣ, tí ó ní àmì nísàlẹ̀? Àtẹ bọ́tìnnì wa jẹ́ ti Faransé, kò sí wọn níbẹ̀. Olùkọ́ kan dá mi lóhùn. Ó fi hàn mí bí a ti ń yan bọ́tìnnì kan ní ibi ìṣètò, tí yóò máa pa lẹ́tà pọ̀ mọ́ àmì. Orúkọ rẹ̀ ni Compose. Bí mo bá tẹ bọ́tìnnì náà, tí mo tẹ àmì ìyanu (!), tí mo sì tẹ e, ẹ a jáde. Bákan náà ni ọ àti ṣ. Mo ti fi han ènìyàn mẹ́fà láti ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti aránṣọ kan fún yín. Ó wà ní kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà bíi tiyín. Kò gbọ́ Faransé púpọ̀. Ní ọjọ́ kan, kọ̀ǹpútà rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ kan sójú, kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Ó mú pẹ́ńsù, ó da ọ̀rọ̀ náà kọ sínú ìwé rẹ̀, lẹ́tà sí lẹ́tà: “Aucun espace disponible sur le périphérique.” Ó gbé e wá ní Sátidé. Akẹ́kọ̀ọ́ wa kà á, ó ní, “Ìyá, ẹ ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.” Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àká ẹ̀rọ náà ti kún. A yọ àwọn fídíò tí ó wà ní ìlọ́po méjì kúrò, ẹ̀rọ náà sì ń lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí èyí dáadáa. Bí ó bá jẹ́ pé ó kàn wí pé, “Ẹ̀rọ mi bàjẹ́,” a ì bá fi ọjọ́ kan wá ìdí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ kọ náà ni kọ́kọ́rọ́. Ìṣòro kan náà ti bá ẹlòmíràn ní ìlú mìíràn, ìdáhùn sì ti wà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà gbọ́dọ̀ pé. Lẹ́tà tí aránṣọ náà kọ́ ní kíláàsì ni ó gbà á.

Bí a ti ń béèrè

1. Ẹ da ohun tí ẹ̀rọ wí kọ, lẹ́tà sí lẹ́tà.
2. Ẹ sọ ohun tí ẹ ń ṣe kí ìṣòro náà tó dé.
3. Ẹ sọ irú ẹ̀rọ tí ẹ ní àti irú Linux tí ó wà nínú rẹ̀.
4. Ẹ sọ ohun tí ẹ ti gbìyànjú.
5. Bí ó bá yanjú, ẹ padà wá sọ ohun tí ó yanjú rẹ̀. Ẹni tí ó gba omi mu kò gbọdọ̀ fọ́ ìkòkò.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú. Ẹ má ṣe sọ ọ̀rọ̀ aṣínà yín fún ẹnikẹ́ni. Ẹ má ṣe tẹ àṣẹ tí kò yé yín nítorí pé àjèjì kan ní kí ẹ tẹ̀ ẹ́, nítorí àṣẹ kan lè pa gbogbo ìwé yín rẹ́. Kí ẹ tó tún ohunkóhun ṣe, ẹ fi ìwé yín pamọ́ sí ibi méjì.

N kò ní tàn yín jẹ. Linux kò lè ṣe ohun gbogbo. Àwọn ètò kan wà tí a ṣe fún Windows nìkan. Àwọn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Nínú àwọn tí ń dáhùn náà, òmíràn a máa fi ọ̀rọ̀ gún ni lára, bí ẹni pé a bí òun mọ́ kọ̀ǹpútà. Ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ dákẹ́. Ẹ bi ẹlòmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì nísinsìnyí ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft dáwọ́ àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ kò sì lè gba Windows 11. Ṣé kí a dà wọ́n sórí àkìtàn ni? Àwọn kan ti fi hàn pé kò yẹ bẹ́ẹ̀. Ní Paris, ní 2011, àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí to ẹ̀yà kọ̀ǹpútà àlòkù sínú kẹ́ẹ̀gì, kẹ́ẹ̀gì oní-líta 20 tí gbogbo wa fi ń ru omi àti epo. Wọ́n sọ ọ́ ní Jerry. Linux ni ó ń darí rẹ̀. Ọgbọ́n náà dé Kútọnù. Ní BloLab, ibi ìkọ́ṣẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní ìlú wa ní 2014, àwọn ọ̀dọ́ ti to irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Ní èdè Fọn, “blo” ni “ṣe”.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bóyá ẹ kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Ṣùgbọ́n fóònù yín lè kọ ọ̀rọ̀ kan sójú lọ́la. Ẹ má ṣe pa á ní kánmọ́kánmọ́. Ẹ mú pẹ́ńsù, ẹ da ọ̀rọ̀ náà kọ, kí ẹ sì mú un lọ bá ẹni tí ó mọ̀. Nígbà tí ẹ bá rí ìdáhùn, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ ìbéèrè náà. Ẹni tí ó jókòó tì yín ní kíláàsì lè nílò rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.