Ìròyìn Àbújá, Bọ́dà Niger àti Àpò Àgbàdo Wa

 

Ìbéèrè kan ló ń wọlé sórí fóònù mi léraléra lásìkò yìí: "Ọ̀gá àgíríìkì, ṣé ká tún gbin àgbàdo lọ́dún yìí, àbí ká fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹ̀gẹ́?" Àwọn tó ń bi mí kì í ṣe ọ̀lẹ rárá. Wọ́n gbin àgbàdo ní 2025, wọ́n fi owó gọbọi ra ajílẹ̀, wọ́n sanwó lébìrà, wọ́n sanwó ọkọ̀. Ìgbà tí wọ́n kórè tán ni owó àgbàdo já wálẹ̀ gbì lójú wọn. Àwọn kan ṣì ní àpò díẹ̀ nílé bá a ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Mi ò lè fi bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ dá wọn lóhùn, torí ohun tó ń bá àgbàdo wa jà kò sí lóko mọ́. Kòkòrò ajẹgbàdo tí wọ́n kọ́kọ́ rí nílẹ̀ Áfíríkà ní 2016, tó ba oko jẹ́ níbí, a ti ń mọ bá a ṣe ń bá a jà. Eléyìí tó kù yìí, Àbújá ló ń gbé, ẹnubodè ló ń gbé, nígbà míì ó ń gbé ìlú tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò dé rí.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti oṣù keje ọdún 2024. Lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà, mínísítà fún iṣẹ́ àgbẹ̀, Abubakar Kyari, kéde pé fún ọjọ́ 150, wọ́n lè kó àgbàdo, ẹ̀wà, àlìkámà àti ìrẹsì tí wọn ò tíì lọ̀ di funfun wọlé láì san owó bọ́dà. Ìjọba àpapọ̀ fúnra rẹ̀ náà ní òun máa kó àgbàdo 250,000 tọ́ọ̀nù wọlé, àti àlìkámà iye kan náà. Nígbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù gbé ìlànà rẹ̀ jáde lóṣù kẹjọ, wọ́n ní láti ọjọ́ 15 oṣù keje ni, títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko, ẹ ka oṣù yẹn wò. Àgbàdo àkọ́rọ̀ tí à ń gbìn lóṣù kẹta sí ìkẹrin, ìgbà wo là ń ká a? Tútù rẹ̀ ń wọ ọjà lóṣù kẹfà, gbígbẹ rẹ̀ lóṣù keje sí ìkẹjọ. Ti àrọ̀kúrò ńkọ́? Oṣù kọkànlá sí ìkejìlá. Ìyẹn ni pé kò sí ìkórè àgbàdo gbígbẹ kan tí àgbẹ̀ ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fẹ́ ṣe lọ́dún yẹn tí ilẹ̀kùn náà kò ní wà ní ṣíṣí sílẹ̀ gbayawu.

Mi ò sọ pé ebi ò pa ìlú o. Ebi pa ìlú. Agbowó ni mò ń gbé, Bódìjà ni mo ti ń ra oúnjẹ, owó oṣù ni mo sì ń gbà. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti ní owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀ ti kọjá ₦1,000 kí 2024 tó parí. Lóṣù kẹfà ọdún 2023 náà ni báńkì àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tó wà ní nǹkan bíi ₦460 lọ́wọ́ ìjọba kọjá ₦1,500 láàárín ọdún kan. Èmi tí mò ń ra kóńgò, mo mọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí owó oúnjẹ wá ń walẹ̀ ní 2025, inú mi dùn lọ́jà, ó sì bà jẹ́ tí mo bá dé oko. Ọkàn méjì yẹn ni mo ṣì ń gbé kiri.

Ibi tó dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé, nígbà tí owó ajílẹ̀ ń gun òkè, tí dísù ń gun òkè, ìdáhùn tí à ń gbọ́ ni pé ọjà ló ń sọ bẹ́ẹ̀, ká fara dà á. Ìgbà tó wá kan àgbàdo láti gun òkè, tó yẹ kí àgbẹ̀ fi rí owó rẹ̀ padà, wọn ò fi sílẹ̀ fún ọjà mọ́. Wọ́n ní kí bọ́dà ṣí. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà máa sọ̀rọ̀, kó jẹ́ kó sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì.

Àǹfààní yẹn kì í sì í ṣe ti ọlọ́jà kékeré. Ìlànà kọ́sítọ́ọ̀mù sọ pé ilé-iṣẹ́ tó bá fẹ́ kó ọjà wọlé gbọ́dọ̀ ti wà fún ọdún márùn-ún ó kéré tán, kó ti san owó orí rẹ̀ fún ọdún márùn-ún, kó ní ilẹ̀ oko tó tó, tàbí ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ẹran tó ní àgbẹ̀ tó ń gbìn fún un. Ìyá tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Bódìjà kò sí nínú ẹ̀.

Mo bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa tó ń ta ọkà níbẹ̀ sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀. Mo bi í pé, "Ìyá, ṣé àgbàdo òyìnbó yẹn dé ọ̀dọ̀ yín?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi ò rí ọkọ̀ ojú omi kankan o. Rédíò ni mo gbọ́. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ọ ni mo ti sọ fún àwọn tó ń bá mi kó ọjà látòkè pé kí wọ́n dín in kù. Owó ẹ̀yáwó ni mo fi ń ṣòwò, ṣé kí n kó o jọ kó wá wọ́n mi lọ́rùn?" Ẹ gbọ́ ohun tí màmá sọ. Àgbàdo ò tíì dé, ìròyìn ti dé, ẹni tó ń rà ti dáwọ́ dúró, àgbẹ̀ tó fẹ́ san gbèsè sì ní láti tà ní iye tí wọ́n bá pè é. Àwọn tó ń pe irú ìyá yìí ní akójọpamọ́ lórí rédíò, ó wù mí kí wọ́n wá jókòó tì í lọ́jọ́ kan.

Ohun tó tún mú kó le ni pé wọ́n ń yí i padà ṣáá. Lóṣù keje 2020, báńkì àpapọ̀ ní òun ò ní ta dọ́là fún ẹni tó fẹ́ kó àgbàdo wọlé mọ́, kí àgbẹ̀ ilé lè jèrè. Inú wa dùn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sin adìẹ figbe ta, àgbàdo lé ní ìdajì nínú oúnjẹ adìẹ ẹlẹ́yin, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì ti ilé adìẹ pa. Kò tó oṣù mẹ́ta, ìjọba kan náà fún ilé-iṣẹ́ mẹ́rin láyè láti kó 262,000 tọ́ọ̀nù wọlé. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ pátápátá. Àgbàdo máa ń lo nǹkan bí oṣù mẹ́ta àbọ̀ lóko kó tó gbẹ. Òfin tó lè yí padà kó tó yọ ọmọ, báwo lèèyàn ṣe ń bá a ṣètò?

Kì í ṣe Àbújá nìkan náà. Lọ́jọ́ 26 oṣù keje 2023, àwọn ológun gbàjọba ní Niger. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ECOWAS fòfin dè wọ́n, Nàìjíríà ti bọ́dà pa, ó di oṣù kẹta 2024 ká tó ṣí i. Niger wà lára àwọn tó ń gbin ẹ̀wà jù lágbàáyé, ọ̀dọ̀ wọn sì ni àlùbọ́sà Galmi ti ń wá. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà agànyìn ní Agbowó lè má mọ orúkọ ọ̀gágun tó gbàjọba náà, ṣùgbọ́n kóńgò ẹ̀wà tó ń gun òkè lọ́wọ́ rẹ̀, bọ́dà yẹn wà lára ohun tó fà á. Ẹ rántí Ṣáṣá ní oṣù kejì 2021 náà. Ìjà ọjà ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, gọ́mìnà ti ọjà pa. Kí oṣù tó parí, àwọn tó ń kó màlúù àti oúnjẹ látòkè Ọya dá ọkọ̀ dúró, tìmáàtì àti àlùbọ́sà di ohun tí à ń fi ojú wò lásán.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ogun Rọ́ṣíà àti Ukraine tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kejì 2022 wà nínú àpò yẹn. Nọ́ńbà kẹta lára àpò NPK, pọ́táàṣì ni, Rọ́ṣíà àti Belarus sì wà lára àwọn tó ń tà á jù. Àwọn kan máa ń bi mí pé yúríà tí wọ́n ń ṣe ní Port Harcourt àti Lẹ́kí, kí ló dé tó fi wọ́n? Torí ẹni tó ṣe é lè gbé e lọ sí Brazil kó gba dọ́là. Iye tí Brazil máa san ni wọ́n fi ń wo èmi àti ẹ̀yin.

Àwọn bàbá wa mọ ìyà yìí kí wọ́n tó bí wa. Ìjọba ló ń dá iye kòkó nígbà náà, kì í ṣe iye tí òkèèrè ń rà á ni wọ́n ń san fún àgbẹ̀. Ẹ̀rí rẹ̀ ṣì wà ní ìdúró ní Dúgbẹ̀, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní 1965. Ó rẹwà, mi ò bú u. Àmọ́ ní 1968 sí 1969 ni Àgbẹ̀kọ̀yà dìde lágbègbè yìí kan náà, wọ́n ní owó orí pọ̀ jù, owó kòkó kò sì tó nǹkan. Ìjọba gbọ́, wọ́n dín owó orí kù. Nígbà yẹn àgbẹ̀ mọ ẹni tó ń bá jà. Lónìí, ta lèèyàn máa kọjú sí?

Ó dáa, ká padà sórí ìbéèrè. Ẹ gbin àgbàdo, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo ilẹ̀ gbin in. Apá tó sún mọ́ títì, ẹ gbin in kíákíá bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ dáadáa, kí ẹ tà á ní tútù. Kò sí ọkọ̀ ojú omi tó lè gbé àgbàdo tútù láti Brazil dé Challenge kó má bà jẹ́. Àwọn tó ń sè é àti àwọn tó ń sun ún ní Ring Road, owó ọwọ́ ni wọ́n fi ń rà. Apá kejì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹ̀wà tàbí sóyà, wọ́n á dá agbára padà sílẹ̀. Ẹ wá ẹni tó ń sin adìẹ nítòsí yín nísinsìnyí, kí ẹ jọ dá iye kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì gba ìgbẹ́ adìẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń ra ajílẹ̀, ẹ má wo owó àpò nìkan. Àpò yúríà oní-50 kílò, 23 kílò nitrogen ló wà nínú ẹ̀. Àpò NPK 15-15-15, kílò 7.5 péré, pẹ̀lú àwọn méjì yòókù ní iye kan náà. Ẹ lo NPK níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi yúríà tẹ̀ lé e, kí ẹ sì bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ní àpò nílé, ẹ wò ó bóyá ó gbẹ kí òjò tó dé. Ẹ wá ìgò tó mọ́ tó gbẹ, ẹ da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo kan sí i pẹ̀lú ṣíbí iyọ̀ gbígbẹ kan, ẹ dé e, ẹ mì í fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ gbé e kalẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bí iyọ̀ bá lẹ̀ mọ́ ara ìgò, kò tíì gbẹ, ẹ tún un sá sórí tápólì, kì í ṣe orí ilẹ̀ lásán. Bí kò bá lẹ̀, ẹ kó o sínú àpò onípele mẹ́ta, kí ẹ di ẹnu rẹ̀ pinpin, ẹ má fi oògùn kòkòrò sí i. Ẹni tí kò rí àpò náà rà, kó fi orúkọ abúlé rẹ̀ sílẹ̀ nísàlẹ̀ níbí, màá sọ ibi tó sún mọ́ ọn jù.