Ṣé Ẹsẹ̀ Mọ́tò Ló Ń Jẹ Epo?

Láti 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí Ààrẹ Tinubu ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, tí lítà kan fò láti nǹkan bí 200 náírà kọjá 480 kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, onímọ́tò wo ni kò di onímọ̀ ìṣirò? Bí ara bá sì ń ni èèyàn, kò sí àgbo tí wọn ò ní tà fún un.

Àbúrò mi tó ń fi táàsì jẹun n'Íbàdàn wá bá mi. Ẹnì kan fẹ́ ta ríìmù alọ́ì mẹ́rin fún un, pé ó fúyẹ́, pé owó epo tí yóò dín kù á san owó rẹ̀ láàárín oṣù mẹ́ta. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló sì fẹ́ fi rà á! "Bọ̀dá, n óò dá a padà kí wọ́n tó wọlé."

Irọ́ pátápátá kọ́ o. Ẹ̀yin tí ẹ yí táyà kiri àdúgbò lọ́mọdé, ẹ mọ̀ pé ti kẹ̀kẹ́ ò ní wàhálà. Ti lọ́rì ńkọ́? Kó tó gbéra, òógùn á ti bò yín. Ẹrù inú bùùtù, títì nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń tì í. Ẹsẹ̀ mọ́tò, ó ń tì í, ó tún ń yí i. Ìdí nìyí tí kílò kan létí ẹsẹ̀ mọ́tò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi méjì nígbà tí mọ́tò bá ń gbéra. Ẹ tẹ bíréèkì báyìí, agbára yẹn ti ṣòfò nìyẹn. Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ nìyí ti ń jẹ owó. Lójú ọ̀nà tó já geere, kò tó nǹkan.

Mo bi í pé, "Kílò mélòó ni ríìmù náà fi fúyẹ́ ju tìẹ lọ?"

"Méjì méjì ni wọ́n pè é."

"Mẹ́jọ ni gbogbo ẹ̀. Ká tiẹ̀ pè é ní mẹ́rìndínlógún. Àbíkẹ́yìn rẹ wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ! Bó bá bọ́ sílẹ̀ nínú táàsì, ṣé epo ń dín kù?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà ni pé ẹrù kílò 45 ń fi nǹkan bí ìdá 1 nínú 100 kún epo tí mọ́tò ń jẹ. Mẹ́rìndínlógún ò tó ìdajì ìyẹn.

A jọ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà. Gééjì ka 22 níbi tó yẹ kó ka 32. Táyà tó rọ̀ ń tẹ̀ pẹlẹbẹ, ó ń wọ́ nílẹ̀, nígboro àti lójú ọ̀nà jíjìn. Irú èyí ń ṣòfò tó ìdá 2 nínú 100, ìlọ́po ohun tí ríìmù yẹn lè dín kù lọ́nà márùn-ún ó lé.

Ẹ̀yin onímọ́tò, kì í ṣe gbogbo alọ́ì ló fúyẹ́. Èyí tó tóbi ju ti àtilẹ̀wá lọ lè wúwo ju irin. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n kí ẹ tó sanwó. Ẹ máa wọn afẹ́fẹ́ táyà lóṣooṣù, láàárọ̀ kí ó tó gbóná. Owó ilé-ìwé, ẹ jẹ́ kó lọ sí ilé-ìwé.