Òṣòdì Inú Kọ̀ǹpútà Mi

Ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni yóò rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá rí i pé eré orí kọ̀ǹpútà ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí nínú ìwé ìròyìn Ẹgbẹ́ wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé wa ní Ìsọlọ̀ ni mo fẹ́ sọ. Eré náà ni mo kàn fẹ́ fi ṣe ẹṣin tí yóò gbé wa débẹ̀.

Orúkọ eré náà ni Cities: Skylines. Ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Colossal Order, ní ìlú Tampere ní orílẹ̀-èdè Finland, ni ó ṣe é, ó sì jáde ní oṣù kẹta ọdún 2015. Iṣẹ́ ẹni tí ń ṣe eré náà ni pé kí ó kọ́ ìlú. Yóò bá ilẹ̀ gbalasa. Yóò la ọ̀nà, yóò fa omi àti iná, yóò pín ibi tí àwọn ènìyàn yóò máa gbé àti ibi tí wọn yóò ti máa ṣòwò. Bí ìlú náà bá tù wọ́n lára, wọn yóò máa ya wọ inú rẹ̀ fúnra wọn. Èmi kò fẹ́ kọ́ ìlú òyìnbó. Òṣòdì ni mo fẹ́ kọ́, Òṣòdì àtijọ́ tí mo mọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

Òkìríkà aṣọ ọmọdé ni màmá mi ń tà nígbà náà lẹ́bàá ojú irin ní Òṣòdì. Láti ọdún 1901 ni ojú irin yẹn ti so Èkó pọ̀ mọ́ Ìbàdàn. Ọjà kún etí rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé bí ọkọ̀ ojú irin bá fọn fèrè, àwọn ìyá ọlọ́jà yóò fa àtẹ wọn sẹ́yìn. Bí ó bá ti kọjá tán, wọn yóò tún ọjà tẹ́. Ọjà náà tún ya wọ ojú títì. Ọkọ̀ kò lè rìn, ẹni tó wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìsọlọ̀ lè sùn, kí ó jí, kí ó má tíì dé abẹ́ afárá. Àwọn jàgídíjàgan àti àwọn jáwójáwó pọ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. N kò ní purọ́ pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, wọ́n wó àwọn ìsọ̀ náà, ọ̀nà sì là. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí. Màmá mi di ẹrù rẹ̀, ó sì gba ọjà Aswani lọ ní ọ̀nà Ìsọlọ̀, níbi tí wọ́n ti ń ná òkìríkà ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọjà etí ojú irin yẹn ni mo fẹ́ tún tẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Mo fa ojú irin, mo gbé afárá lé ọ̀nà, mo sì kun àwọn bọ́ọ̀sì ní àwọ̀ ìyeyè bíi dánfó. Lẹ́yìn náà ni mo wá ń to ìsọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú àtẹ, agbòòrùn àti àpótí ìjókòó. Mo lò tó oṣù méjì lórí èyí. Àmọ́ tòkunbọ̀ ni kọ̀ǹpútà mi, GB 8 péré sì ni ibi ìrántí rẹ̀. Nígbà tí àwọn aráàlú mi fi tó 60,000, àwòrán méje péré ni kọ̀ǹpútà náà ń rí yà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn bọ́ọ̀sì mi ń rìn bí agẹmọ. Ẹ̀rọ náà gbóná débi pé ènìyàn lè fi lọ aṣọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó sọ fún mi nípa mod. Mod ni ètò kékeré tí ẹlòmíràn, tí kì í ṣe ilé iṣẹ́ tó ni eré, kọ láti fi kún eré náà tàbí láti fi tún un ṣe. Ọ̀fẹ́ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn. Òmíràn ń mú kí àwòrán dára sí i, òmíràn ń mú kí eré náà fúyẹ́. Mo wá èyí tó máa ń fi àwọn nǹkan kéékèèké pamọ́ kúrò lójú, mo gbé e wọlé, mo sì pàṣẹ fún un. Kíá, àwòrán méje di méjìlélógún. Àwọn bọ́ọ̀sì ń sáré, títì ń dán. Inú mi dùn, mo sì pe màmá mi kí ó wá wò ó.

Ó wọ awò rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn. Ó ní, "Àjàní, ibo nìyí?"

Mo ní, "Òṣòdì ni, mà."

"Òṣòdì wo? Àwọn ìsọ̀ dà?"

"Mo fi wọ́n pamọ́ ni, mà, kí kọ̀ǹpútà lè sáré."

Ó tún wò ó títí. Ó ní, "Ọ̀nà náà mọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wà nínú bọ́ọ̀sì wọ̀nyí, kí ni wọ́n ń wá lọ síbẹ̀? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ń lọ?" Ó bọ́ awò rẹ̀, ó ní, "Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́ o." Ó sì padà sí ìdí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Nínú èdè eré yìí, prop ni wọ́n ń pe ìsọ̀ tí mo tò, ìyẹn ohun ọ̀ṣọ́ lásán. Eré náà gbà wá láyè láti to 65,536 irú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀kan tó ní olówó nínú wọn. Bí ènìyàn bá nu ẹgbẹ̀rún kan nù, kò sí aráàlú tí yóò pàdánù iṣẹ́, kò sí ọmọ tí owó ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò wọ́n. Ẹni tó kọ mod náà kò ṣẹ̀. Ó ń wá bí eré yóò ṣe fúyẹ́ ni. Èmi tí mo mọ orúkọ ẹni tó ni ìsọ̀ ni mo ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n.

Ní ọjọ́ kejì, mo pinnu láti wádìí ohun tó ń wúwo gan-an. Mo gbé Loading Screen Mod wọlé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí ilé mẹ́wàá bá ń lo àwòrán ògiri kan náà, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gbé e sí ibi ìrántí, dípò ẹ̀ẹ̀mẹwàá. Ó sì lè kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ẹrù tí eré náà ń rù. Nígbà tí mo ka àkọsílẹ̀ náà, ojú tì mí. Ẹrù 640 ni mo ti wà jọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì: ilé gogoro, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ olówó ńlá, àní àwọn igi ìlú onídìdì. N kò lò tó 90 nínú wọn. Ibi ìrántí ti kún, kọ̀ǹpútà wá ń sáré lọ sáré bọ̀ sí ìdí díìsìkì láti wá ohun tó nílò. Ẹrù tí n kò lò ni ó ń pa á, mo sì lọ dá àwọn ìyá ọlọ́jà lẹ́bi.

Mo kó ẹrù àpọ̀jù náà dànù, mo sì tú àwọn ìsọ̀ sílẹ̀ padà. N kò sẹ́ pé àwọn náà wúwo díẹ̀. Nítorí náà, mo lo mod mìíràn, Ultimate Level of Detail, tó jẹ́ kí n yan ibi tí nǹkan yóò jìnnà dé kí kọ̀ǹpútà tó jáwọ́ nínú yíyà á. Bí ojú ènìyàn náà ti rí nìyẹn: ẹni tó dúró sórí afárá kì í rí bọ́tìnnì aṣọ tó wà lórí àtẹ, ṣùgbọ́n bí ó bá sọ̀ kalẹ̀, yóò rí i. Mo tún fi mod kan yí àwọ̀ ilẹ̀ padà kí ó pọ́n bí erùpẹ̀ wa, mo sì dín ìmọ́lẹ̀ oòrùn kù kí ojú ọjọ́ lè jọ ti ọyẹ́. Àwòrán méjìdínlógún ni mo rí ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò tó méjìlélógún, ṣùgbọ́n Òṣòdì ni.

Kí ẹ má rò pé ohun tí mo ń sọ ni pé kí a máa di ẹrù gbogbo ru. Nígbà tí ẹ̀dà kejì eré yìí jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, kọ̀ǹpútà olówó gọbọi pàápàá ń mí gúlegúle lábẹ́ rẹ̀. Àwọn tó tú u wò rí i pé wọ́n tilẹ̀ ya eyín sí ẹnu àwọn aráàlú, eyín tí ẹnikẹ́ni kò lè rí láti òkè. Ẹni tí ń wá ìrọ̀rùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀ láàárín eyín tí kò sẹ́ni tí yóò rí i àti ìsọ̀ tí ẹnì kan ń jẹun nídìí rẹ̀.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2019 ni ibùdókọ̀ ńlá ti wà ní Òṣòdì, ilé mẹ́ta gìrìwò. Mo máa ń wọ ọkọ̀ níbẹ̀, mo sì gbádùn rẹ̀. N kò bẹ̀bẹ̀ pé kí ọjà padà sójú irin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa tí a jọ wà ní ọgbà yìí ni yóò ya àwòrán ìlú lọ́la tàbí tí yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí a tó pàṣẹ pé kí nǹkan kan kúrò lójú, ẹ jẹ́ kí a ka àkọsílẹ̀ ẹrù ná, kí a sì béèrè ẹni tó ni ín.

Mo tún pe màmá mi wá wò ó. Ó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ ojú irin, láti ìdí afárá, ó ń kà á: "Ti Ìyá Ṣadé nìyí. Ti ìyá oníbàtà nìyí." Ó dúró. Ó ní, "O ti gbé ìsọ̀ tèmi sún mọ́ ojú irin jù. Fà á sẹ́yìn díẹ̀."

Mo fà á sẹ́yìn.