Katakata tí Kì í Mu Epo

Igi tí ó tọ́ kì í pẹ́ nígbó. Ní ọdún 1969, ilé-iṣẹ́ General Electric ní Amẹ́ríkà gbé katakata kékeré kan jáde fún ọgbà, Elec-Trak. Kì í mu epo, kì í rú èéfín. Bátìrì ni ó ń gbé e rìn. Nígbà tí epo wọ́n gógó ní 1973, ó jọ bí ẹni pé àsìkò rẹ̀ dé. Ṣùgbọ́n ní 1975, Gabon wọ ẹgbẹ́ elépo OPEC. Bí owó epo ti ń sọ Libreville dọ̀tun, General Electric ti jọ̀wọ́ Elec-Trak fún Wheel Horse. Lónìí, ẹ̀rọ oníbátìrì ń gé koríko káàkiri ayé. Ẹ̀yin olùkọ́, ọjọ́ kúkúrú kì í ṣe òṣùwọ̀n iṣẹ́ rere.