Káàdì Tarot Nínú Ìpinnu Òwò àti Yíyan Iṣẹ́

Káàdì tarot jẹ́ ìdì káàdì 78 tí wọ́n ya àwòrán sí lójú. Apá méjì ni wọ́n pín sí. Apá kìíní ni káàdì ńlá 22, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ tirẹ̀: Onídán, Ayaba, Anìkàngbé, Kẹ̀kẹ́ Àyànmọ́, Ikú, Ilé-Ìṣọ́, Oòrùn àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Apá kejì ni káàdì kéékèèké 56, tí wọ́n tò sí ìdílé mẹ́rin: ọ̀pá, ife, idà àti owó. Káàdì 14 ló wà nínú ìdílé kọ̀ọ̀kan, láti orí oókan dé orí ẹ̀wá, lẹ́yìn náà ọmọ-ọ̀dọ̀ ààfin, ẹlẹ́ṣin, ayaba àti ọba. Lóde òní, kì í ṣe àwọn tó ń wádìí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ìgbéyàwó nìkan ló ń lo káàdì yìí. Oníṣòwò tó fẹ́ gba alájọṣe mọ́ra, òṣìṣẹ́ tó ń rò ó bóyá kí òun kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì tí kò tíì mọ iṣẹ́ tí yóò yàn láàyò, gbogbo wọn ló wà lára àwọn tó ń tẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn kan wà tó jẹ́ pé títẹ́ káàdì fún àwọn oníṣòwò ni wọ́n fi ń jẹun. Nígbà tí owó àti iṣẹ́ òòjọ́ ti wọ ọ̀rọ̀ náà, ó yẹ kí a mọ ohun tí káàdì yìí lè ṣe fún ẹni tó fẹ́ pinnu, kí a sì mọ ohun tí kò lè ṣe.

Ìtàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yẹ ní mímọ̀. Ní àríwá Ítálì, ní ìlú bíi Milan àti Ferrara, ni káàdì tarot ti bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1440. Eré ni wọ́n ń fi í ta. Àwọn ìdílé ọlọ́lá tó jọba ní Milan, Visconti àti Sforza, gbé iṣẹ́ fún àwọn ayàwòrán pé kí wọ́n fi wúrà ṣe káàdì náà lọ́ṣọ̀ọ́. Díẹ̀ lára èyí tí wọ́n ṣe nígbà náà ṣì wà ní Morgan Library ní New York àti ní Accademia Carrara ní ìlú Bergamo. Títí di òní, àwọn ará Faransé ṣì ń fi tarot ta káàdì bí ẹni ta ayò. Michael Dummett, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Oxford, tẹ ìwé ńlá kan jáde lórí rẹ̀ ní 1980, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé eré ni iṣẹ́ tí wọ́n dá káàdì yìí fún, àti pé ẹ̀yìn ọjọ́ ni wọ́n tó sọ ọ́ di ohun ìwádìí ọjọ́ iwájú.

Ìlú Paris ni ìyípadà yẹn ti gbilẹ̀. Ní 1781, ọ̀mọ̀wé kan tó ń jẹ́ Antoine Court de Gébelin kọ ọ́ pé ìwé ọgbọ́n àwọn àlùfáà Íjíbítì àtijọ́ ló fara pamọ́ sínú káàdì náà. Kò ní ẹ̀rí kankan. Ní àkókò yẹn, kò sí ẹni tó lè ka àkọsílẹ̀ àwọn ará Íjíbítì àtijọ́. Ó di 1822 kí ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Champollion, tó rí ìdí rẹ̀. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ó sì tàn kálẹ̀. Ní 1785, Jean-Baptiste Alliette, tó yí orúkọ ara rẹ̀ sódì tó fi di Etteilla, tẹ ìwé jáde lórí bí a ṣe ń fi tarot wádìí ọ̀rọ̀. Oníṣòwò ni òun náà. Ó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí, ó sì ń gbowó lórí rẹ̀. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ̀ pé àṣẹ tí wọ́n ń sọ pé káàdì náà ní kì í ṣe ti ayé àtijọ́ rárá.

Ìdì káàdì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ lónìí jáde ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1909, láti ọwọ́ ilé-iṣẹ́ William Rider. Arthur Edward Waite ló gbé èrò rẹ̀ kalẹ̀, obìnrin ayàwòrán kan, Pamela Colman Smith, ló sì ya á. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìdì tó wà ṣáájú, káàdì kéékèèké kì í ní ju àmì lásán lọ: owó mẹ́fà jẹ́ àwòrán owó mẹ́fà, ó parí síbẹ̀. Smith fi ènìyàn sínú wọn, ó sì fi iṣẹ́ lé wọn lọ́wọ́. Nínú Ọ̀pá Mẹ́ta, ọkùnrin kan dúró ní orí òkè, ó kẹ̀yìn sí ẹni tó ń wò ó, ó tẹjú mọ́ ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ lókèèrè. Waite kọ ọ́ pé ọjà ọkùnrin náà ni wọ́n kó. Nínú Owó Méje, àgbẹ̀ kan fara ti ọ̀pá rẹ̀, ó ń wo owó tó so sára ewéko bí èso tí kò tíì tó ká. Nínú Owó Mẹ́jọ, oníṣẹ́-ọwọ́ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fi òòlù àti irin gbẹ́ àmì sára owó, ó gbé èyí tó ti parí kọ́ sára òpó, ọ̀kan ṣì wà nílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn àwòrán wọ̀nyí ló jẹ́ kí káàdì tarot rọrùn láti fi sọ̀rọ̀ òwò, nítorí ohun tí oníṣòwò ń bá yí lójoojúmọ́ ló wà nínú wọn: dídúró de èrè, kíkọ́ṣẹ́, gbígbé ọjà ránṣẹ́ láìmọ ìgbà tí yóò gúnlẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Smith fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó kọ lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ọdún 1909 yẹn pé iṣẹ́ náà pọ̀, owó rẹ̀ sì kéré. Àìmọye ìdì káàdì náà ni wọ́n ti tà káàkiri ayé láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n nínú gbèsè ni ó kú sí ní ìlú Bude ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1951, tí wọ́n sì ta ẹrù rẹ̀ láti fi san án. Ẹni tó ya àwòrán òwò tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn káàdì kò jèrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àdéhùn ló ń sọ iye tí èèyàn yóò gbà nínú òwò. Àwòrán tó bá dára tó kò lè ṣe iṣẹ́ àdéhùn.

Ọ̀nà títẹ́ káàdì pọ̀. Waite fúnra rẹ̀ gbé ètò káàdì mẹ́wàá jáde, ṣùgbọ́n káàdì mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Ẹni tó ń bèèrè yóò po káàdì pọ̀ dáadáa, yóò sọ ohun tó fẹ́ mọ̀, yóò sì fa mẹ́ta yọ: ọ̀kan fún ohun tó wà nílẹ̀, ọ̀kan fún ohun tó ń dènà, ọ̀kan fún ìgbésẹ̀ tó kàn.

Ká mú télọ̀ kan ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àpẹẹrẹ. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń lọ déédéé, ó sì ń rò ó bóyá kí òun gba ìkejì. Káàdì àkọ́kọ́ jẹ́ Owó Méjì: ọ̀dọ́kùnrin kan ń fi owó méjì ṣeré lọ́wọ́, ìgbì òkun sì ń gbé ọkọ̀ sókè sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ìkejì jẹ́ Owó Márùn-ún: aláìní méjì ń kọjá nínú yìnyín, ọ̀kan nínú wọn ń fi ọ̀pá ràn ẹsẹ̀ lọ́wọ́, fèrèsé ilé ìjọsìn tí iná ń tàn sì wà lókè orí wọn. Ìkẹta jẹ́ Owó Mẹ́ta: agbẹ́kùúta kan ń ṣiṣẹ́ lára ògiri ilé ìjọsìn, àwọn méjì dúró tì í, ìwé àwòrán iṣẹ́ sì wà lọ́wọ́ wọn. Káàdì wọ̀nyí kò mọ owó ilé tí onílé yóò gbà, wọn kò sì mọ iye oníbàárà tó wà ládùúgbò. Ṣùgbọ́n bí télọ̀ náà bá jókòó tì wọ́n, ìbéèrè mẹ́ta yóò jáde. Ta ni yóò wà ní ṣọ́ọ̀bù kìíní nígbà tí òun bá wà ní ìkejì? Bí ọjà bá kú fún oṣù mẹ́ta, kí ni òun yóò fi san owó ilé, ta sì ni òun lè tọ̀ lọ fún ìrànlọ́wọ́? Ṣé òun ní òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ àti ètò tí a kọ sílẹ̀? Ìbéèrè gidi ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orí télọ̀ náà ni wọ́n ti wá. Káàdì kàn pè wọ́n jáde ni.

Ìdí nìyí tí káàdì fi ń dà bí ẹni tó mọ inú ẹni. Ní 1948, olùkọ́ kan ní Amẹ́ríkà, Bertram Forer, fún akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 39 ní ìdánwò lórí ìwà. Lẹ́yìn náà ó fún olúkúlùkù ní ìwé kan tó sọ irú ènìyàn tí ó jẹ́, ó sì ní kí wọ́n fi máàkì sí i láti òdo dé márùn-ún. Ìpíndọ́gba máàkì tí wọ́n fún un jẹ́ 4.26. Wọ́n gbà pé ìwé náà mọ àwọn dájú. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀rọ̀ kan náà ló wà nínú ìwé gbogbo wọn, inú ìwé àwọn awòràwọ̀ tó wà lọ́jà ni Forer sì ti ṣà á. Ọ̀rọ̀ tó bá gbòòrò tó, olúkúlùkù ni yóò rí ara rẹ̀ níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì tarot. Bí a bá fa káàdì mẹ́ta tẹ̀lé ara wọn nínú 78, ọ̀nà tí wọ́n lè gbà jáde jẹ́ 456,456, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí oníṣòwò tó ń wá ìtumọ̀ kò ní rí ìtumọ̀ sí.

Kì í ṣe pé ohun tó ń pe ìbéèrè jáde kò wúlò. Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ní àfọ̀ṣẹ nínú tó ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Ní 1975, olórin Brian Eno àti ayàwòrán Peter Schmidt ṣe ìdì káàdì kan tí wọ́n kọ ìmọ̀ràn ṣókí-ṣókí sí, kí ẹni tí iṣẹ́ bá dúró mọ́ lọ́wọ́ lè fa ọ̀kan, kí ó sì gba ibòmíràn wo iṣẹ́ náà. Ní 2007, Gary Klein, onímọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń pinnu, dá àbá kan fún àwọn ilé-iṣẹ́: kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kí gbogbo wọn gbà pé iṣẹ́ náà ti forí ṣánpọ́n, kí olúkúlùkù sì kọ ohun tó fà á sílẹ̀. Ohun tí ẹnu ń kọ̀ láti sọ nínú ìpàdé máa ń jáde nírú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí káàdì tarot bá wúlò nínú òwò, ipò tó yẹ ẹ́ nìyí: kí ó jí ìrònú dìde, kí ó sì kúrò lójú ọ̀nà.

Ewu rẹ̀ wà níbi tí a bá ti sọ ọ́ di olùdájọ́. Ẹni tí káàdì kò bá dùn mọ́ a tún fà á, a sì tún fà á, títí èyí tó wù ú yóò fi jáde. Nígbà náà, ìfẹ́ inú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá fi káàdì yan òṣìṣẹ́ tàbí tó fi lé òṣìṣẹ́ lọ ti ṣe àìdáa sí ọmọ ọlọ́mọ, nítorí kò sí ẹ̀rí tí ẹni náà lè fi gbèjà ara rẹ̀. Àwọn oníjìbìtì sì wà tí wọn yóò sọ pé ẹnìkan ti sàsí sí ṣọ́ọ̀bù náà, àfi kí wọ́n san owó sí i. Kì í ṣe òní ni àwọn aṣòfin ti ń ṣọ́ irú èyí: nígbà kan rí, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1824 ka ẹni tó ń díbọ́n pé òun ń sọ ọjọ́ iwájú sí alárìnkiri aláìníṣẹ́, òfin ìpínlẹ̀ New York sì ka gbígbowó fún un sí ẹ̀ṣẹ̀, àyàfi bó bá jẹ́ fún ìdárayá lásán.

Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ nípa tarot yóò rántí Ifá. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Ìfẹ́ láti mọ ọ̀la ló so àwọn méjèèjì pọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn jìn síra. Ẹ̀sìn ni Ifá. Odù rẹ̀ jẹ́ 256, ẹsẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn kò lóǹkà, ọ̀pọ̀ ọdún sì ni babaláwo fi ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá kó tó lè dá a fún ẹlòmíràn. Àwọn àgbà awo wà tó lè bá a wí bó bá ṣi iṣẹ́ náà ṣe. Tarot kò ní irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ra ìdì kan lónìí lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó lọ́la. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbé iyì ọ̀kan wọ èkejì.

Ẹni tó bá fẹ́ fi káàdì ran ìrònú rẹ̀ lọ́wọ́, kí ó kọ ìbéèrè rẹ̀ sílẹ̀ kó tó po káàdì, kí ó fà á lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó sì kọ ohun tó wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà, kí ó pa ìdì náà dé. Ìwé ìṣirò owó ni kí ó ṣí fún ọ̀rọ̀ èrè àti gbèsè. Agbẹjọ́rò ni kí ó mú àdéhùn lọ bá. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ tó wù ú rí ni kí ó bi léèrè nípa iṣẹ́ náà. Bí ìpinnu bá já sí àdánù, ẹni tó ṣe é ni yóò san gbèsè rẹ̀, káàdì kò ní bá a san kọ́bọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kí ó ṣe ìpinnu náà, kí ó sì ṣe é pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́.