Ta Ni Kí N Wá Fi Hàn?

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ orúkọ Babe Ruth, "Baba Ruth" ni mo gbọ́. Mo rò pé bàbá ọmọ kan tó ń jẹ́ Ruth ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, bí a ṣe ń pe èèyàn ní Baba Ṣadé nílé. Ó tó ọ̀sẹ̀ kan kí n tó mọ̀ pé agbábọ́ọ̀lù baseball ni, ọmọ bíbí Baltimore tí mò ń gbé yìí gan-an, àti pé ó ti kú láti 1948.

Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bàbá méjì kan wà lọ́dọ̀ wa. Òyìnbó ni ọ̀kan, ó ti ṣiṣẹ́ ní èbúté rí; adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà ni èkejì, bọ́ọ̀sì ló wà kó tó fẹ̀yìn tì. Láràárọ̀, tí mo bá ti ti kẹ̀kẹ́ wọn dé ìdí fèrèsé, iyàn bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ta ló mọ baseball gbá jù lọ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń gbá a?

Òyìnbó á ní Babe Ruth ni. Ìgbà 714 ló fi igi gbá bọ́ọ̀lù sọdá ọgbà pápá, èyí tí wọ́n ń pè ní home run. Bàbá kejì á ní, "Gbẹ́nu ẹ sọ́hùn-ún. O ò rí Josh Gibson." Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni òun ní 1946, nígbà tí bàbá òun mú òun lọ wò ó, lọ́jọ́ tí Homestead Grays wá bá Baltimore Elite Giants gbá. Ó ní ìró igi Gibson yàtọ̀ sí ti gbogbo èèyàn. Òyìnbó á wá béèrè ohun kan ṣoṣo tó máa ń bí i nínú: "Mélòó ló gbá? Fi ìwé hàn mí."

Nínú ọkàn mi, mo sọ wọ́n ní Baba Ruth àti Baba Josh.

Ọ̀rọ̀ ìwé yìí ni iyàn wọn máa ń há sí. Wọn ò gbà kí adúláwọ̀ bá òyìnbó gbá nínú líìgì ńlá nígbà náà, làwọn adúláwọ̀ bá dá líìgì tiwọn sílẹ̀. Wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì láti ìlú dé ìlú, wọ́n ń gbá ìdíje, wọ́n ń gbá ọ̀rẹ́sọ́rẹ̀ẹ́, àkọsílẹ̀ wọn ò sì pé. Gibson kú ní oṣù kìíní 1947, lẹ́ni ọdún 35. Oṣù kẹrin ọdún yẹn ni Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers tí ilẹ̀kùn sì ṣí. Oṣù mẹ́ta péré.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní kí n dá ẹjọ́ náà. Èmi ọmọ Ìbàdàn, tó dàgbà sídìí àwọn tó ń ta ìwé ìròyìn! A máa ń jiyàn lórí Rashidi Yekini àti Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí títí ẹnu á fi gbẹ. Góòlù 37 ni Yekini gbá wọlé fún Super Eagles, ọ̀rọ̀ parí. Bí àwọn àgbà bá ní ká ní a rí Ọdẹ́gbàmí nígbà tó wà ní Shooting Stars ni, ṣe la máa ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe máa ń sọ nílé ni mo ṣe sọ níbí. Mo ní, "Ẹ má bínú, sà. Ohun tó wà nínú ìwé lèmi ń tẹ̀ lé."

Baba Ruth pàtẹ́wọ́. Baba Josh wò mí dáadáa.

"Iṣẹ́ wo lò ń ṣe lọ́hùn-ún kó o tó wá síbí?"

"Nọ́ọ̀sì ni mí, sà. Ọdún 12."

"Níbí ńkọ́, mélòó ni wọ́n kọ fún ẹ?"

Mi ò rí èsì fọ̀. Aṣọ olùrànlọ́wọ́ ló wà lọ́rùn mi. Ọdún 12 tí mo fi rán ojú ọgbẹ́, tí mo fi ń wá iṣan lọ́wọ́ ọmọdé láti fa dríìpù sí i, tí tọ́ọ̀ṣì wà lẹ́nu mi nítorí pé kò síná. Nígbà tí mo kọ̀wé wáṣẹ́ níbí, òdo ni wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Baba Josh mi orí, ó yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí fèrèsé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wádìí. Àwọn kan ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tú àwọn ìwé ìròyìn àtijọ́ tàwọn adúláwọ̀, wọ́n ń ṣa iye tí kálukú gbá jọ. Ní ìparí 2020, àwọn aláṣẹ baseball gbà pé líìgì ńlá làwọn líìgì adúláwọ̀ láti 1920 sí 1948. Mo tún ronú sí 714 ti Babe Ruth. Satchel Paige ò sí lára àwọn tó ju bọ́ọ̀lù sí i nínú ìkankan nínú wọn. Ẹni ọdún 42 ni Paige kí wọ́n tó gbà á wọlé. Ìwé tí mo ń tẹ̀ lé náà ò pé.

Baba Ruth kú nígbà òtútù, ìbẹ̀rẹ̀ 2024. Ọjọ́ mẹ́ta ni Baba Josh ò fi jáde wá jẹun.

Ìparí oṣù karùn-ún ọdún yẹn ni ìròyìn dé: wọ́n ti da iye àwọn adúláwọ̀ pọ̀ mọ́ tàwọn yòókù. Bí èèyàn bá dúró gbá a nígbà 1,000, ti Gibson jẹ́ 372. Ty Cobb tó ti ń léwájú láti ọjọ́ pípẹ́ jẹ́ 367. Mo sáré gbé fóònù lọ bá a.

"Ẹ ti borí, sà!"

Ó ní kí n tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí kẹ̀kẹ́ kejì máa ń wà.

"Ta ni kí n wá fi hàn?"

Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Ni mo bá fa àga, mo jókòó síbẹ̀.

"Sà, ìdíje tí Gibson gbá kéré gan-an sí ti Ruth. Ruth tún jẹ́ ajubọ́ọ̀lù, ìgbà 94 ló fi ìyẹn borí. Ṣé Gibson lè ṣe bẹ́ẹ̀?"

Ojú ẹ̀ tàn. "Ìwọ ọmọ yìí," ó ní, "o ò mọ nǹkan kan nípa baseball." Ó sì bẹ̀rẹ̀ láti 1946.

Èmi ni Baba Ruth láràárọ̀ báyìí. Lálẹ́, mò ń kàwé fún ìdánwò nọ́ọ̀sì ti Amẹ́ríkà.