Ẹni Tó Ránni ní Gbàǹjo

Ní Kalley, nílùú Niamey níbí, a máa ń fi owó rán ará ilé sọ́jà. Ṣẹ́ńjì á sì padà wálé.

Ẹni tí kò lè dé gbàǹjo náà ń ránni: á kọ iye tó lè ná mọ sílẹ̀. Bí ẹlòmíràn bá dúró ní £20,000, ó yẹ kó rà á ní nǹkan bíi £22,000, bó tilẹ̀ jẹ́ £50,000 ló kọ. Àmọ́ ọlọ́jà ni alágbàǹjo ń ṣiṣẹ́ fún, ó sì ti mọ ibi tí owó oníbàárà dé. Ta ló ń ṣí àpò han òǹtajà?

Lọ́dún 2018, Bonhams ta “Tutu”, àwòrán ọmọọba Ifẹ̀ tí Ben Enwonwu yà, ní London. Wọ́n retí £200,000 sí £300,000. Ó lé ní £1,200,000. Wọ́n fi han àwọn èèyàn l'Ékòó lójú ẹsẹ̀. Àwọn wọ̀nyẹn rí bí owó ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá fi ìwé ránṣẹ́ kì í rí i. Àwa ò ní kọ iye kankan sílẹ̀ láti Kalley. Tẹlifóònù la ó fi ná an.